Wákàtí Mẹ́fà Lójú Òfuurufú

Àpótí fáólìn náà ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ ju aṣọ àrán pupa tí wọ́n fi tẹ́ ẹ, àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń fa okùn. Olè gbé fáólìn lọ, ó gbàgbé ọ̀pá.

"Olè tí kò mọ fáólìn fà ni," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Sájẹ́ńtì."

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn ọlọ́pàá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ náà, torí pé ìbéèrè rẹ̀ kì í pariwo, àmọ́ bó bá ti wọlé, ẹni tó ń bi á fò sókè. Ọdún méjìlá gbáko ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ìmọ̀ ilẹ̀ ayé kó tó di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Títí di òní, bíi tíṣà ló ṣe máa ń dúró: ọwọ́ kan lẹ́yìn, ìka kan lókè.

Yàrá ìmúra tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn orin ni wọ́n wà. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni irínwó èèyàn máa jókòó sínú gbọ̀ngàn náà, torí pé Màmá Olórin fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àádọ́ta ọdún ni ìyá arúgbó yìí ti fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní fáólìn. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ogún ọdún tí gbogbo wọn ń pè ní Tẹ́ẹ́rẹ́, ni yóò dá ṣeré, fáólìn tí Màmá jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni yóò sì fi ṣe é. Fáólìn náà ló wá dàwátì yìí.

"Màmá, ẹ tún un sọ fún mi díẹ̀díẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Mo fà á díẹ̀ láàárọ̀ kí ara rẹ̀ lè yá. Mo gbé e padà sínú àpótí. Aago mọ́kànlá ń lù lọ́wọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn, tí mo lọ po tíì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, mo padà, mi ò bá a mọ́."

"Ta ló mọ ibi tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ sí?"

"Èmi. Ọkùnrin tó ń tún fáólìn ṣe. Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́, òun ló ń gbálẹ̀ gbọ̀ngàn yìí. Àti Afínjú, ọmọ àbúrò mi. Ìyẹn ò sí nílé ṣá. Ó ti rìnrìn àjò láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo sìn ín dé pápákọ̀ òfuurufú. Òní ló ń bọ̀."

Sájẹ́ńtì, bàbá onírùngbọ̀n tó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Abẹ́rẹ́ lọ, fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lu itan. "Ọ̀gá, kí la tún ń wò? Agbálẹ̀ ni. Ẹni tó ń tún iná ṣe rí i tó gba ẹ̀yìnkùlé jáde ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó di nǹkan gígùn kan mọ́yà, ó ń sáré. A bi í ohun tó gbé, ó ní òun ò lè sọ. Ọ̀gá àgbà ti pè lẹ́ẹ̀mejì: bó bá di aago márùn-ún tí a ò rí ẹlòmíì, ká mú un lọ sí àtìmọ́lé."

"A ṣì ní wákàtí méjì dín díẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ fèsì. "Àwọn kan ti dáná sun ìlú láàárín ìyẹn, àwọn mìíràn ti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká lọ kí i."

Nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti garawa sí ni wọ́n fi ìyá náà jókòó sí. Tẹ́ẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

"Ìyá, kí lẹ gbé jáde láàárọ̀?"

"Màdáámù, mi ò jalè. Láyé mi, mi ò jalè rí."

"Mi ò ní ẹ jalè. Mo ní kí lẹ gbé."

Obìnrin náà wo ọmọ rẹ̀, ó yáa wolẹ̀. "Mi ò lè sọ."

"Ṣé ẹ rí nǹkan?" ni Sájẹ́ńtì sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Abẹ́rẹ́ rí nǹkan lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ohun tí Sájẹ́ńtì rí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ẹrù náà, ojú obìnrin yìí máa ń sá lọ bá ọmọ rẹ̀, igun ẹnu rẹ̀ á sì máa gbọ̀n bíi ti ẹni tí ẹ̀rín ń yọ́ pa. Abẹ́rẹ́ ti bá olè sọ̀rọ̀ kọjá àfẹnusọ. Kò tíì rí èyí tí ẹ̀rín ń pa lórí ọ̀rọ̀ ẹrù tó jí.

"Tẹ́ẹ́rẹ́, jọ̀ọ́, bá mi bu omi tútù wá. Lọ bù ú lókè o, tìsàlẹ̀ yìí ò dáa."

Ọmọ náà ò tíì yí ọ̀nà tán tí ìyá rẹ̀ fi bú jáde. "Aṣọ ni! Màdáámù, aṣọ ni! Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń rán an nínú yàrá yìí, láàárín ìgbálẹ̀. Ó rò pé aṣọ tó wọ̀ lọ́dún tó kọjá náà ló máa wọ̀ lálẹ́ òní. Mo sáré gbé e lọ fún alágbàfọ̀ kó lè bá mi lọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ dákun, ẹ má sọ fún un. Ẹ kúkú tì mí mọ́lé kó tó gbọ́!"

Sájẹ́ńtì jáde lọ bá alágbàfọ̀. Nígbà tó padà, ó ń nu ojú, ó ní eruku ló kó sí i. "Aṣọ ni, Ọ̀gá. Aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní ló tò sí ọrùn rẹ̀. Alágbàfọ̀ ò wo aago nígbà tó gbé e dé, ìyẹn ló kù. Ọ̀gá àgbà á ní aṣọ lè bo fáólìn mọ́lẹ̀."

"Á sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn ńkọ́?"

Ẹni tó kàn ni ọkùnrin tó ń tún fáólìn ṣe. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ Màmá Olórin pé kó ta fáólìn náà fún òun, ìyẹn sì ti mú kí Sájẹ́ńtì gbọ́ òórùn ẹ̀ṣẹ̀ lára rẹ̀. Wọ́n bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí àwọn fáólìn tí kò ní okùn ti rọ̀ sára ògiri bí ẹran gbígbẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú tó bọ́ọ̀lù.

"Níbo lẹ wà ní aago mọ́kànlá?"

"Ẹhín," ni ọkùnrin náà wí.

"Ẹ̀yìn kí ni?" Sájẹ́ńtì ti mú ìwé jáde. "Ẹ̀yìn ilé?"

Ọkùnrin náà mi orí kíkankíkan, ó ya ẹnu kàlákàlà, ó nàka sí ihò pupa kan nínú rẹ̀. Sájẹ́ńtì fò sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé dùùrù kan lórí.

"Eyín," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Wọ́n yọ eyín rẹ̀."

Dókítà eyín dáhùn lórí fóònù kíá. "Orí àga mi ló wà láti aago mẹ́wàá ààbọ̀ di ọ̀sán gangan. Ó pariwo débi pé méjì nínú àwọn tó ń dúró gbàgbé pé eyín ń dùn wọ́n, wọ́n lọ sílé."

Nígbà tí wọ́n fi padà dé gbọ̀ngàn, Afínjú ti dé. Ọkùnrin náà wọ kóòtù funfun tí kò ní ìwúnjọ kan ṣoṣo, lọ́fínńdà rẹ̀ ti kún yàrá ṣáájú rẹ̀. Ó gbá Màmá Olórin mọ́ra, ó ń mi orí.

"Màmá, ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́! Èèyàn burúkú pọ̀ láyé! Mo ní kí n tètè wá bá yín, mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, mi ò tiẹ̀ dé ilé. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ èyí!" Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Màdáámù, mo mọ̀ pé gbogbo wa lẹ máa bi. Tíkẹ́ẹ̀tì mi nìyí. Ní aago mọ́kànlá tí olè wọlé, inú ìkùukùu ni mo wà."

Kò tíì sí ẹni tó béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Àlọ: kúrò níbí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, dé ibẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Àbọ̀: kúrò níbẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ òní, dé ibí ní aago méjì ọ̀sán. Òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú wà lórí rẹ̀ gbọnmọgbọnmọ.

"Ẹ kú àjò o," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìlú tó jìnnà tó báyìí, èmi ò tíì débẹ̀ rí. Ó tó ìrìn wákàtí mélòó?"

"Láti lọ, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára mi! Àmọ́ òní, wákàtí mẹ́fà péré, a ti balẹ̀."

"Háà! Kí ló fà á?"

"Atẹ́gùn ni, Màdáámù." Afínjú jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu. "Nígbà tí à ń lọ, atẹ́gùn ń gbá wa lójú. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ń tì wá lẹ́yìn."

"Ẹ ò wá rójú sùn."

"Mi ò sùn rárá. Wọ́n gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀kan, kí n tó jẹun tán, ó kù díẹ̀ ká dé."

"Aago mélòó lọ́wọ́ yín báyìí? Tèmi ti kú."

Afínjú yọ ọwọ́ jáde nínú kóòtù, aago wúrà ńlá kan tàn yanran. "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Tèmi kì í yẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, mi ò fọwọ́ kàn án rí."

Aago ara ògiri náà wà ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún.

"Ẹ ṣeun gan-an ni," ni Abẹ́rẹ́ wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé Sájẹ́ńtì wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa Sájẹ́ńtì lápá. "Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ńkọ́? Ṣé wọ́n lè sọ bóyá ó wọ ọkọ̀?"

"Wọ́n ní ká kọ lẹ́tà. Ọ̀la ni èsì."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká wá ìdáhùn fúnra wa. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé kan wà lókè, mo rí ayé nínú rẹ̀."

Ayé tó ń wí ni àwòrán ayé roboto kan tó ń yí lórí irin, eruku ti bò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi apá aṣọ nù ún. Ó mú okùn fáólìn àlòkù kan lórí fèrèsé, ó fi yí ìbàdí ayé ká, ó sì fi rúlà wọ̀n ọ́n.

"Sẹ̀ǹtímítà ọgọ́rin. Ilé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì kìlómítà yíká. Sẹ̀ǹtímítà kan wá jẹ́ kìlómítà mélòó, Bọ̀ọ̀dá Sájẹ́ńtì?"

"Ọ̀gá, oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń retí, ẹ̀yin ń fi ìṣirò bọ́ mi."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ wá tẹ okùn mọ́ ìlú wa níbí." Sájẹ́ńtì fi àtàǹpàkò ńlá tẹ̀ ẹ́. Abẹ́rẹ́ na okùn náà lọ sí ìhà ìlà oòrùn, ó kọjá òkè, ó kọjá òkun, títí ó fi kan ìlú tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì Afínjú. "Sẹ̀ǹtímítà méjìdínlógún. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án kìlómítà. Ọkọ̀ òfuurufú akérò tó ń sáré dáadáa máa ń rin nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ní wákàtí kan. Wákàtí mélòó?"

Sájẹ́ńtì ka ìka rẹ̀. "Mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá. Ọkọ̀ tó bá fi wákàtí mẹ́fà rin ín, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ kìlómítà ló ń sá ní wákàtí kan. Kò sí akérò tó ń sáré bẹ́ẹ̀."

"Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ò purọ́, Ọ̀gá! Aago mẹ́jọ sí aago méjì, wákàtí mẹ́fà náà ni!"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ò purọ́ lóòótọ́." Abẹ́rẹ́ gbé ìka kan sókè, tíṣà inú rẹ̀ ti jí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀ sí ara ayé náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. "Ẹ wo bí oòrùn ṣe ń kọ́kọ́ yọ lọ́dọ̀ wọn kó tó yọ lọ́dọ̀ wa. Aago tiwọn fi wákàtí márùn-ún ṣáájú tiwa. Aago mẹ́jọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, aago tibẹ̀ ni. Aago mẹ́ta ìdájí ló ń lù níbí nígbà yẹn. Láti aago mẹ́ta ìdájí sí aago méjì ọ̀sán?"

"Wákàtí mọ́kànlá," ni Sájẹ́ńtì wí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Àlọ ńkọ́? Aago méje òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wọn, aago méjì òru lọ́dọ̀ wa. Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́wàá. Atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún, ìlà oòrùn ló ń fẹ́ lọ, àlọ ló ń tì lẹ́yìn, àbọ̀ ló ń gbá lójú. Ó tún dorí ìyẹn náà kodò."

"Ó kàn yọ aago kúrò nínú aago!" Sájẹ́ńtì bú sẹ́rìn-ín, ayé mì lórí irin rẹ̀. "Ó jókòó síbì kan, ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó ṣírò!"

"Ẹni tó bá jókòó fún wákàtí mọ́kànlá láìsùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sọ fún un. Kò lè pè é ní mẹ́fà. Ẹ tún wo aago wúrà tí kò fọwọ́ kàn rí. Bó bá ti ibẹ̀ bọ̀ lóòótọ́, aago mẹ́ta ìdájí ni ì bá rí lójú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ì bá sì ti mọ̀ pé wákàtí mọ́kànlá ló lò."

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni Abẹ́rẹ́ kó gbogbo wọn jọ sí yàrá ìmúra: Màmá Olórin, Tẹ́ẹ́rẹ́, ìyá rẹ̀, àti Afínjú tó káwọ́ pọ̀ mọ́ àyà.

"Ìbéèrè kékeré kan ló kù," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Nígbà tí ọkọ̀ yín gbéra ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ òní lọ́hùn-ún, aago mélòó ló ń lù níbí?"

Afínjú rẹ́rìn-ín. "Aago mẹ́jọ náà ni kẹ̀! Ṣé aago tibẹ̀ yàtọ̀ ni?"

Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Màmá Olórin, tó ti rìn káàkiri ayé pẹ̀lú fáólìn rẹ̀ nígbà èwe, kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó.

"Afínjú," ni ó wí, "o ò lọ."

"Màmá, mo lọ! Mo... mo sùn díẹ̀ lọ́nà ni, mi ò ka wákàtí."

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ ò sùn rárá," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Sájẹ́ńtì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún wo aago yín, èyí tí ẹ ò fọwọ́ kàn rí."

Afínjú fi apá kóòtù bo aago náà mọ́lẹ̀ kíákíá bí ẹni tí oyin ta níbẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Rùngbọ̀n Sájẹ́ńtì ló kọ́kọ́ rí níbẹ̀, lẹ́yìn náà ló rí ikùn rẹ̀. Ló bá jẹ́wọ́.

Ẹnu ọ̀nà kan ló gbà wọlé sí pápákọ̀ nígbà tí Màmá ń juwọ́ sí i, ẹnu ọ̀nà mìíràn ló gbà jáde. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi fara pamọ́ sí ilé àlejò kan lẹ́yìn òpópónà kejì. Fáólìn ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, nínú àpò ìrọ̀rí.

"Mo rí lẹ́tà tí ẹ kọ, Màmá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ẹ fẹ́ fún ọmọ agbálẹ̀ lálẹ́ òní. Ohun tí bàbá ńlá wa fi sílẹ̀. Èmi ni ẹ̀jẹ̀ yín!"

Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́, ó di ìyá rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó tíì sọ fún un pé fáólìn náà á di tirẹ̀.

"Ẹni ọdún mẹ́jọ ni ọ́ nígbà tí mo gbé e lé ọ lọ́wọ́," ni Màmá Olórin fèsì, kò bínú. "O ní ó ń dun ìka rẹ, o lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé o tún béèrè rẹ̀ rí láti ìgbà yẹn?"

Afínjú mi orí.

"Lónìí gan-an, o gbàgbé ọ̀pá rẹ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ fi fà á, ìka?"

Ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sáré fọwọ́ bo ẹnu. Màmá fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e, ni gbogbo yàrá bá bú sẹ́rìn-ín, kódà Afínjú náà, pẹ̀lú omijé lójú.

Sájẹ́ńtì fi alùpùpù lọ, ó fi bọ̀ kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù. Ó gbé fáólìn náà mọ́yà bí ìkókó. Abẹ́rẹ́ pe ọ̀gá àgbà, ọ̀rọ̀ náà ò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run náà wá, igbe tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ké mú kí ẹni tó ń tún iná ṣe já bọ́ lórí àkàsọ̀, àmọ́ orí aṣọ ìkélé ló bọ́ sí.

"Ká máa mú ọkùnrin yìí lọ, Màmá," ni Sájẹ́ńtì wí.

"Ẹ dákun, kó kọ́kọ́ gbọ́ orin náà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe iṣẹ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí aago méje lù, Afínjú wà lórí ìjókòó tó kẹ́yìn pátápátá, láàárín Sájẹ́ńtì àti ọkùnrin ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ wíwú. Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ jókòó sí, ó tún ìbọ̀sẹ̀ fà, ó tún gèlè wé, kò mọ ibi tó máa fọwọ́ sí.

Tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Ó gbé fáólìn sí èjìká, ó dijú. Orin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀, ó wá ń gòkè, ó ń sáré, ó ń fò, títí ara gbogbo èèyàn fi gbéra kúrò lẹ́yìn àga láìmọ̀. Màmá Olórin di ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sábẹ́ àgbọ̀n. Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Afínjú da ojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì, Sájẹ́ńtì sì na áńkáṣíìfù sí i láìwò ó.

Nígbà tí ohùn tó kẹ́yìn kú tán, gbọ̀ngàn náà pa rọ́rọ́. Èèyàn irínwó, kò sí ẹni tó húkọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni obìnrin kan fò dìde ní iwájú, gèlè rẹ̀ já bọ́, ó nàka sí orí pèpéle, ó sì fi gbogbo ọ̀fun kígbe fún aráyé gbọ́:

"Ọmọ mi ni o! Èmi ni mo bí i!"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀, kò sì tètè tán.